Pẹpẹ Tí Ọwọ́ Tó

Ní Kemi, lóṣù Kejìlá, agogo méjì ọ̀sán ni ilẹ̀ ń ṣú.
Mo rí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa ìdọ̀tí àdúgbò,
irú èyí tí wọ́n ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀, yìnyín jókòó lé e lórí
bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì.
Mo gbé e.

Ọgọ́fà Yúrò ni ilé ìdáná ọmọdé nílé ìtajà.
Vilja ti fi imú tẹ gíláàsì fèrèsé wọn
títí èémí rẹ̀ fi ya ìkùukùu síbẹ̀.
Kò bèèrè. Ìyẹn gan-an ló dùn mí:
ọmọ ọdún mẹ́rin, ó ti mọ ohun tí a kì í bèèrè
láti ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ pépà ti ti ilẹ̀kùn,
tí wọ́n fún wa ní kọfí àti kéèkì, pé ó dàbọ̀.

Reijo tó ń gbé lókè wa yá mi ní ayùn.
Ìka mẹ́ta ààbọ̀ ló kù lọ́wọ́ òsì rẹ̀.
Ó ní, "Pákó ni kí o máa wò. Má wo ọwọ́ mi."
Martta tú agolo bọ́tìnnì olóògbé ọkọ rẹ̀:
mẹ́rin dúdú ńlá, ti kóòtù àwọn atukọ̀.
Àwọn ni a ó máa yí kí iná tó tàn.
Àwo síìdí mẹ́rin di ojú iná
(táńgò ìgbéyàwó wa wà lórí ọ̀kan;
Pirjo ní kí n dojú rẹ̀ bolẹ̀).
Abọ́ ajá, ajá tí a kò ní mọ́, di ibi ìfọwọ́.
Ìkọ́ aṣọ tí mo tẹ̀ di ẹ̀rọ omi
tí kò ní jò láéláé.
Kùn nìkan ni mo rà: Yúrò mẹ́fà àti sẹ́ńtì díẹ̀,
àwọ̀ búlúù kan tí ẹnìkan ní kí wọ́n pò, tí kò wá gbà.

Orí ilẹ̀ balùwẹ̀ ni mo ti ń fá a lóru,
pépà oníyanrìn ń kùn bí ẹni ń ṣépè lábẹ́lẹ̀.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.
Ó dáa. Mo gé pẹpẹ wálẹ̀.
Mo wọn Vilja lójú oorun,
okùn bàtà ni mo fi wọ̀n ọ́n, láti gìgísẹ̀ dé ìgúnpá.
Síbẹ̀ mo gé ẹsẹ̀ kan kúrú jù.
Mo ká ìwé ìròyìn àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀,
pépà tí àwa fúnra wa ṣe.
Ó ṣì gbé nǹkan dúró.

Lẹ́yìn náà súkúrù tó gbẹ̀yìn bọ́ sí kọ̀rọ̀ ààrò.
Ọwọ́ mi ò wọ̀ ọ́. Mo bú u. Mo gbo àpótí náà jìgìjìgì.
Ilẹ̀kùn ṣí.
Aṣọ ìsùn, ẹsẹ̀ kékeré nínú bàtà ìyá rẹ̀.
Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó rí.
Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká, ó mú un jáde,
ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi bí ẹni tó ń san gbèsè.
Tàgbà ò wọ kèrègbè:
mo ti gbàgbé ìlàjì yẹn.

Láàárọ̀, a jókòó, a ń retí ọbẹ̀.
Pirjo tilẹ̀ ti mú ṣíbí dání.
Vilja kò se nǹkan kan.
Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kó ìbọ̀wọ́ iṣẹ́ mi,
èyí tó nípọn, tó ṣì ń rùn bí igi tútù,
ó tò wọ́n sínú ààrò, ó pa á dé,
ó yí bọ́tìnnì dúdú kan, ó sì dúró tì í.
"Kí lo ń sè?"
"N kò sè é. Wọ́n ń yáná ni,
kí ọwọ́ Bàbá má baà tutù lọ́la."

Kò sẹ́ni tó bèèrè ibi tí mo ń lọ lọ́la.
Mo ní, "Ó ku ìṣẹ́jú mélòó?"
Ó wo ààrò, ó wò mí,
ó fi iná kún un.
Bọ́tìnnì kẹta ti ń mì.
Màá tún un dè lálẹ́.